Aṣọ Ilé Lójú Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́

Ojo ni mí, n kò ní fi pamọ́. Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni èmi àti ìyàwó mi ti wá, ní nǹkan bí ọdún 2004, tí a wá ń gbé ní Ìgbògbò, lẹ́bàá Ìkòròdú. Mo ń ránṣọ, òun ń ta ẹja yíyan. Nígbà tí à ń wá yàrá, onílé là á mọ́lẹ̀ pé òun kì í gba ará ilẹ̀ òkèèrè. Kíá ni mo ní, "Ṣakí la ti wá, Bàbá." Ta ni yóò mọ̀? Yorùbá ni wọ́n, Yorùbá ni wá. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ kan bá dúró lẹ́nu géètì wa, àyà mi á já pà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ọjọ́ òmìnira ilẹ̀ wa, àwa ará Kétu a máa pàdé ní Ẹ̀pẹ́, nínú ọgbà ọmọ ìlú wa kan lẹ́yìn Ọjà Olúwo. Òfin ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: aṣọ ilé, bíi ti Kétu, ni ká wọ̀. Obìnrin á ró aṣọ híhun méjì, ọ̀kan láyà, ọ̀kan nídìí, èjìká á wà níta gbangba, ìlẹ̀kẹ̀ á kún ọrùn.

Yàrá wa ni ìyàwó mi ti wọ tirẹ̀. Mo ní, "Onílé ńkọ́?"

"Ó ti lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó láti ìdájí. Ẹ̀rù yín pọ̀ jù! Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ."

"Odò kì í bá onílé gbé."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi wọ ṣẹ́ẹ̀tì, mo ká aṣọ ilé tèmi sínú báàgì. Nínú bọ́ọ̀sì, mo ní kó jókòó níwájú, èmi lọ sẹ́yìn pátápátá. Ẹ ò rí i pé n kò purọ́ nígbà tí mo ní ojo ni mí.

A kọjá Ìtoíkìn díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìwé ará òkèèrè wò dá wa dúró. Ọ̀kan yọjú wọlé, ojú rẹ̀ bọ́ sí èjìká ìyàwó mi.

"Màdámù, ìwé ìrìnnà yín dà?"

Ìwé rẹ̀ ti kọjá àkókò. Tèmi náà ti kọjá.

"Ta lẹ bá wá?"

Ìyàwó mi bojú wẹ̀yìn, ojú wa ṣe mẹ́rin. Yéè! Mo yíjú sójú fèrèsé, mo ń wo oko ẹ̀gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ rà á.

"Èmi nìkan ni, sà."

Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Dírẹ́bà ṣíná. Èmi kò kúrò lórí ìjókòó mi. Ṣé wọ́n á dá a padà sí bọ́dà ni? Ṣé wọ́n á tì í mọ́lé? Nígbà tí mo dé Ẹ̀pẹ́, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà fún wákàtí méjì, mò ń be Ọlọ́run.

Ọ̀kadà ló gbé e dé. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ náà ló ṣàánú rẹ̀, tó ní kó lọ tún ìwé rẹ̀ ṣe kí oṣù tó parí. Mo sáré pàdé rẹ̀. "Pẹ̀lẹ́, ìyàwó mi. Pẹ̀lẹ́ o."

Ó wò mí. "Ẹ kú ìjókòó," ló wí, ó kọjá, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà.

Nígbà tó yá, wọ́n ní ká wá ya fọ́tò, kí tọkọtaya dúró sápá ọ̀tún, kí àwọn opó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú. Mo ti pààrọ̀ aṣọ, mo nawọ́ sí i. Ó yà fún mi, ó lọ jókòó sáàárín àwọn opó, ó sì tún ìró àyà rẹ̀ so.

Ìyá àgbà kan fọwọ́ kàn án. "Ìyàwó, ọkọ ẹ ṣì wà láyé o."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n yà á báyìí, Ìyá."