Bàbá Tí Wọ́n Fi Ṣí Géètì Ilé-Iṣẹ́ Súìtì

Ẹ̀yin ọmọ máa ń bi mí pé kí ló dé tí ojú mi máa ń le nígbà tí ẹnìkan bá gba máìkì láti kọ́ mẹ̀kúnnù bí a ṣe ń fara da ọ̀wọ́n. Ẹ jókòó, kí n sọ fún yín. Ìgbà òtútù kan ni, láàárín àwọn ọdún 1980, ní ìwọ̀-oòrùn Chicago, nítòsí ibi tí ìlú ti bá Oak Park pààlà. Àwọn ilé-iṣẹ́ irin tó wà ní gúúsù ìlú ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ súìtì ni èmi ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìrọ̀lẹ́. A rò pé ọwọ́ òfò kò lè tó wa, nítorí kò sí ọdún tí ọmọdé kì í lá súìtì.

Bernice ni a jọ ń dúró ti ẹ̀rọ. Aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, ó jù mí lọ dáadáa, ẹnu rẹ̀ sì mú. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ níléeṣẹ́ irin. Láràárọ̀ ni ọkùnrin náà ń wọ bàtà iṣẹ́, tó ń gbé abọ́ oúnjẹ ọ̀sán dání, tó ń lọ jókòó sí ilé-ìkàwé títí di ìrọ̀lẹ́, kí aládùúgbò má baà mọ̀. Ta ni kò mọ̀? Aládùúgbò ọ̀hún gan-an wà ní tábìlì kejì nínú ilé-ìkàwé yẹn, tòun ti abọ́ oúnjẹ tirẹ̀. Wọ́n á kí ara wọn bí ọ̀jọ̀gbọ́n méjì.

Ọmọbìnrin Bernice, ọkọ rẹ̀ àti oyún inú rẹ̀ ti padà wá sílé ìyá. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí ẹnu àwọn yàrá yòókù, gbogbo wọn sùn síbi tí ooru wà. Wàràkàṣì tí ìjọba ń pín ni wọ́n ń fi jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, òun náà ni wọ́n ń fi jẹ màkàróònì lálẹ́. Iṣẹ́ Bernice nìkan ló kù tó gbé ilé náà ró.

Àfi bí ọ̀gá wa ṣe pè wá jọ lọ́jọ́ kan. Bàbá rẹ̀ ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó kàn fà á lé e lọ́wọ́ nígbà tó darúgbó ni. Ó ní òun ń kó ẹ̀rọ lọ sí ìpínlẹ̀ kan tí òṣìṣẹ́ kì í ti í ṣe ẹgbẹ́ láti jà fún owó iṣẹ́ wọn. Ó ní ó dun òun gan-an. Mo wo ojú rẹ̀ títí, n kò rí ibi tó ti dùn ún.

Kò pẹ́ tó fi háyà obìnrin kan tó wọ kóòtù onírun, pé kó wá kọ́ wa bí ìdílé ṣe ń la ìgbà ọ̀wọ́n já. Ẹ máa fi eegun adìyẹ se ọbẹ̀, ó wí. Ẹ máa gẹ irun ọmọ yín fúnra yín. Ẹ máa wọ súwẹ́tà nínú ilé. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n làpálàpá pàápàá, obìnrin yìí kò mú oògùn rẹ̀ wá.

Bernice nawọ́ sókè. "Mà, ẹ̀rọ wa ńkọ́?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ohun tí apá yín kò ká, ẹ kọ́ bí ẹ ó ṣe máa bá a gbé."

"Ta ló sọ fún yín pé apá wa ò ká a?"

Páálí súìtì tí a fọwọ́ ara wa ṣe ni wọ́n fi dá a lọ́lá nígbà tó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ Bernice yẹn ló bẹ̀rẹ̀ ìjà. Oníṣòwò kan ti ní òun máa ra ilé-iṣẹ́ náà, kí gbogbo wa sì máa bá iṣẹ́ lọ, bí ẹ̀rọ ńlá tó ń se súìtì bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí òun bá dé. Tí ẹ̀rọ yẹn bá lọ, ó parí, ọ̀gá wa sì fẹ́ kó o lọ kí oníṣòwò náà tó dé. A wá ń so ọwọ́ kọ́ra lẹ́nu géètì láràárọ̀ nínú yìnyín. Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù á dé, á wò wá, á pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní òun kò lè tìtorí súìtì pa èèyàn.

Làmídì la fi sáàárín. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ọkùnrin gbọ̀ǹgbọ̀nràn tó ń gbé àpò ṣúgà bí ẹni gbé ìrọ̀rí.

"Sister Ṣadé, ẹ fọkàn balẹ̀," ó wí fún mi. "Kò sí truck tó máa pass me níbí. Over my dead body."

Òótọ́ ló sọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kankan kò lè ṣí Làmídì nídìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí oníṣòwò yẹn fẹ́ dé, ọkọ̀ dúdú gígùn kan dúró níwájú wa, ọkọ̀ akẹ́rù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ mìíràn ni wọ́n gbé wá lọ́jọ́ yẹn, ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹni tó ń ro nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá wa kò bọ́ sílẹ̀. Ó jókòó síbi tí ooru wà, ó sì ṣí ìlẹ̀kùn fún bàbá rẹ̀, bàbá arúgbó tí a kò rí níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Bàbá náà nìkan ló ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ lórí yìnyín.

Mo rí i tí ara Làmídì yí padà. Ó ṣí fìlà.

Bernice pariwo. "Làmídì, má kúrò níbẹ̀!"

Ó ti kúrò. Ó ti tẹrí ba, ó ti di bàbá náà lápá mú. "Ẹ rọra o, bàbá."

"Làmídì!" Èmi náà ké.

"Àgbàlagbà ni now, Sister! Ṣé kí n máa wò ó kó ṣubú ni?"

Ó mú un gba àárín wa kọjá. Ibi tí Làmídì dúró sí tẹ́lẹ̀ ṣófo, awakọ̀ náà sì wọ ibẹ̀ kí a tó pa ọwọ́ dé. Nígbà tí wọ́n ń tú ẹ̀rọ, bàbá náà dúró sínú ọgbà, ó ṣì di ọwọ́ Làmídì mú. Ó bi í pé, "Ṣé ẹ̀rọ ńlá yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, sà," Làmídì dáhùn. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ta ló wá sọ fún àgbà yìí pé ọjà ń tú? Olè tó bá fẹ́ já ìlẹ̀kùn máa ń mú irin dání. Èyí mú bàbá tó bí i lọ́mọ. Mo kórìíra ọ̀gá yẹn títí di òní, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi tọrọ àforíjì.

Àwọn ará wa fẹ́ fi èébú pa Làmídì. Bernice ló dá wọn lẹ́kun. Ó yí sí i, ó ní, "Má ṣe tìtorí àwọn yìí jáwọ́ nínú dídìde fún àgbà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí o rí ẹni tó ń tì í bọ̀." Àwa tí a ń pa á lówe pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, obìnrin Amẹ́ríkà ló wá kọ́ wa.

Kí la rí gbà? Ariwo wa mú kí wọ́n máa san owó ìtọ́jú ìlera wa títí òtútù fi lọ, òun ni wọ́n fi gbẹ̀bí ọmọ-ọmọ Bernice. Ilé-iṣẹ́ náà kú. Bernice àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí ìlú kan ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè náà, ìlú tí àwọn òbí rẹ̀ ti sá wá wáṣẹ́ ní Chicago. Kò sí ẹni tó bẹ̀ wọ́n. Kò sí ẹni tó bẹ Làmídì, kò sì sí ẹni tó bẹ bàbá arúgbó yẹn. Gbèsè nìyẹn, kò tíì kúrò lọ́rùn ọ̀gá yẹn.

Mo rí Làmídì láìpẹ́ yìí ní ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò West Ridge ní Chicago. Irun rẹ̀ ti funfun, àwọn ọmọdé ló ń dìde fún òun náà báyìí. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, bàbá kan tó jù ú lọ wọlé. Làmídì dìde kíá. Ṣùgbọ́n kí ó tó bẹ̀rẹ̀ kí i, mo rí i tó na ọrùn, tó wo ìta lẹ́yìn bàbá náà.