Ọ̀gá Ọláìtán àti Abẹ́rẹ́ tí Kò Mì

Tí ẹ bá fẹ́ rí ọkùnrin tó ń ya àwòrán láìwo ìwé, ẹ wá wo Ọ̀gá Ọláìtán nídìí bọ́ọ̀dù. Físíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Baruwa, níbi tí èmi Adébùnmí ti ń kọ́ wọn ní Yorùbá. Ó ti lé ní ọdún méjìdínlógún tó ti ń ṣe é. Á fi ṣọ́ọ̀kì ya wáyà tí wọ́n yí róbótó, á ya òòfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á wá ya ẹ̀rọ kékeré kan tó ní abẹ́rẹ́ lójú. Á ní tí ẹ bá ti òòfà yìí wọ àárín wáyà, iná á gba inú wáyà kọjá, abẹ́rẹ́ á sì mì. Tí ẹ bá fà á jáde, abẹ́rẹ́ á mì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Tí ẹ bá dì í mú sójú kan, kò sí iná, kò sí nǹkan kan. Ó ní ohun tó wà nínú gbogbo jẹnẹrétọ̀ tó ń di wá létí ládùúgbò kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni yóò bèèrè bóyá ó yé wọn, wọ́n á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ó yé àwọn, sà. Òyìnbó ni wọ́n fi ń sọ ọ́ o, torí ilé-ìwé wa kò fàyè gba Yorùbá àfi nínú kíláàsì tèmi, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń sọ ìtàn, bó ṣe wù mí ni màá ṣe sọ ọ́. Láti nọ́sìrì ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìdáhùn yẹn. Olùkọ́ á bèèrè, wọ́n á dáhùn pọ̀ lóhùn kan. Tí kò bá dún tó, olùkọ́ á ní òun kò gbọ́, wọ́n á tún un sọ kí òrùlé lè mì. Èmi náà ń ṣe é, mi ò ní purọ́. Ó máa ń jẹ́ kí òbí tó ń kọjá lójú títì mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí àwa méjì nìkan wà ní yàrá olùkọ́ ló sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí mo kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Áǹtí Bùnmí, mi ò rí i rí o." Mo bi í pé kí ni. Ó ní abẹ́rẹ́ yẹn ni. Nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyanṣẹ́lódì gba ọdún kan mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ti yàrá ìwádìí pa. Ilé-ìwé tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, àga gan-an kò tó, kí a má tíì sọ ti ẹ̀rọ. Tiwa ńkọ́? Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí a pè ní yàrá ìwádìí, ìgò ọtí mẹ́ta àti òṣùwọ̀n kan tó ti dógùn-ún ló wà níbẹ̀. Ìwé ló ti rí abẹ́rẹ́ náà, àwòrán ló sì fi ń kọ́ ọmọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ìròyìn ni ọkùnrin yìí sì fi ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí mo rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Ní táàmù tó kọjá ni ọ̀rọ̀ wá di tipátipá. Ìyá tó ni ilé-ìwé, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, pe Ọ̀gá Ọláìtán sí ọ́fíìsì. Ọmọ mẹ́sàn-án péré ló kù ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì SS2. Àwọn òbí ń kùn pé ilé-ìwé kan ní Ìpájà ní yàrá ìwádìí tó jojú ní gbèsè, àwọn á kó ọmọ wọn lọ síbẹ̀. Mọ́mì ní òun á pe àwọn òbí wá ní ọjọ́ Fúráídè kan kí wọ́n wá wo iṣẹ́. Tí wọ́n bá gbà kí ọmọ wọn dúró, sáyẹ́ǹsì á dúró. Tí wọn ò bá gbà, òun á da àwọn tó bá kù mọ́ àwọn oníkọ́másì, Ọ̀gá Ọláìtán á sì wá ibòmíràn lọ. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ibo ni yóò wá lọ?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tó fẹ́ bọ́ ló kà á láyà jù, ó sọ fún mi. Àwọn mẹ́sàn-án yẹn ni. Ó fẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kan ṣoṣo pẹ̀lú ojú ara wọn kí wọ́n tó kúrò lábẹ́ òun, kí wọ́n gbà á gbọ́ torí pé wọ́n rí i, kì í ṣe torí pé òun ló wí i. Nǹkan tó sì fẹ́ fi hàn wọ́n ni abẹ́rẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò rí rí.

Ó wá kiri. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Festus, tó ń kọ́ni ní Ìgàndò, yá a ní ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ náà àti òòfà gígùn kan. Ó lọ sí Ìkòtún lọ́dọ̀ Jàfárù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń yí wáyà inú fáànù àti jẹnẹrétọ̀ tó bá jóná, ìyẹn fún un ní wáyà bàbà tuntun, tó ń dán yinrin. Lálẹ́ ọjọ́ náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó ń yí i mọ́ páìpù, ìyàwó ń kà á, ó di ọ̀ọ́dúnrún ìgbà. Mo ní kó dán an wò kí Fúráídè tó dé. Ó kọ̀. Ó ní ó wà nínú ìwé, kò lè ṣàì ṣiṣẹ́, àti pé òun fẹ́ kí òun àti àwọn ọmọ jọ rí i lọ́jọ́ kan náà ni. Mo bá a jiyàn títí ó fi rẹ̀ mí. Ẹni tó bá ti fi ìwé jẹun láti kékeré, ta ni yóò sọ fún un pé ìwé kì í sọ gbogbo rẹ̀ tán?

Fúráídè dé. Àwọn òbí jókòó sórí àga oníke lẹ́yìn kíláàsì, Mọ́mì wà láàárín wọn pẹ̀lú gèlè. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì gan-an ni wọ́n fi mí sí, kí n lè máa mójú tó àwọn ọmọ. Ọ̀gá Ọláìtán ṣàlàyé, ó ṣàlàyé dáadáa. Ó so ẹnu wáyà méjèèjì mọ́ ẹ̀rọ. Ó gbé òòfà sókè kí gbogbo ènìyàn rí i, ó tì í wọ àárín wáyà.

Abẹ́rẹ́ kò mì.

Ó fà á jáde, ó tún tì í, ó yára sí i. Kò sí nǹkan kan. Òógùn yọ lórí imú rẹ̀. Mo rò pé ẹnu rẹ̀ ló dédé là, ọdún gbogbo tó ti fi ń kọ́ni ló sọ̀rọ̀ jáde, kì í ṣe òun. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i?"

Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dáhùn pé, "A rí i, sà!"

"Ó mì àbí kò mì?"

"Ó mì, sà!"

Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Bàbá Hamdalah, tó ń rán aṣọ ní Àgbàdo, dìde dúró fi pàtẹ́wọ́ tiẹ̀. Mọ́mì ń rẹ́rìn-ín dé ẹ̀yìn eyín. Ọ̀gá Ọláìtán dúró síbẹ̀ pẹ̀lú òòfà lọ́wọ́, ó yíjú sí mi. Mo ti rí i, ó sì mọ̀ pé mo rí i. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà ọjà ọjọ́ yẹn. Mo pàtẹ́wọ́.

Gbogbo òbí ló fọwọ́ sí i pé ọmọ àwọn á dúró. Ó yẹ kí a jó. Ọ̀gá Ọláìtán jókòó ní yàrá olùkọ́, kò fọwọ́ kan oúnjẹ tí Mọ́mì fi ránṣẹ́. Ó ní, "Mo fẹ́ sọ fún wọn. Ẹnu mi kọ̀, kò là." Mo ní kó fi Ọlọ́run ṣe é, nǹkan ti bọ́ sí i. Ó ní mi ò mọ ohun tó ń dun òun. Ìlà iwájú gan-an ni Hamdalah jókòó sí, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì ẹ̀rọ náà, kò sì sí ọmọ tó ní làákàyè tó o nínú wọn. Òun ló pariwo jù.

Ní Sátidé, mo ń gbé fáànù mi lọ fún Jàfárù, mo ní kí Ọ̀gá Ọláìtán jẹ́ ká jọ lọ, kó gbé ẹrù rẹ̀ dání. Jàfárù kò tilẹ̀ wo òòfà. Ẹnu wáyà ló mú, ó fi èékánná họ ọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò fá ẹnu ẹ̀, Alàgbà. Fáníìṣì tí wọ́n fi kun wáyà ló wà lára ẹ̀ yẹn jàre. Báwo niná ṣe fẹ́ kọjá?"

Ó mú bíléèdì, ó fá ẹnu wáyà méjèèjì títí bàbà pupa fi yọ, ó so wọ́n padà, ó ní kó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ọ̀gá Ọláìtán ti òòfà wọ inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ fò. Ó fà á jáde, ó fò sọ́hùn-ún. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, ó ju ìgbà ogún lọ. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Jàfárù bi mí pẹ̀lú ohùn kékeré bóyá ara alàgbà yá, torí kò rí ohun tó kan ẹkún nínú ọ̀rọ̀ wáyà. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bíi pé ọmọ mi ló rìn. Kí a tó délé, ó ti pinnu: ní Mọ́ńdè, òun á jẹ́wọ́ fún wọn, òun á sì fi èyí tó jẹ́ òótọ́ hàn wọ́n. Ó bẹ̀ mí kí n wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì, kí ẹnìkan tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Mo jókòó. Ìjẹ́wọ́ kò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu, ìfihàn ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti òòfà wọ inú wáyà, abẹ́rẹ́ sì fò, mo rí i láti ẹ̀yìn. Ó bi wọ́n pẹ̀lú ayọ̀ bóyá ó mì.

"Ó mì, sà!"

Ohùn kan náà ni. Ohùn ti Fúráídè gan-an, kò lọ sókè, kò sì wá sílẹ̀. Ojú fèrèsé ni ọ̀kan nínú wọn, Al-Ameen, ń wò nígbà tó ń dáhùn. Mo rí i tí ayọ̀ kúrò lójú Ọ̀gá Ọláìtán. Ó tẹ̀ síwájú, ó yọ ẹnu wáyà kan kúrò lára ẹ̀rọ, ó wá ti òòfà wọlé. Abẹ́rẹ́ dúró gbagidi. Ó bèèrè bóyá ó mì.

"Ó mì, sà!"

Ó ní kí Hamdalah dìde, kó wá sídìí tábìlì, kó wò ó fúnra rẹ̀. Ó tún ti òòfà náà wọlé lójú rẹ̀. Ọmọ náà tẹ̀ síwájú, ó wo abẹ́rẹ́, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ojú olùkọ́ rẹ̀ ló sì ń wò báyìí, ó ń wá ìdáhùn níbẹ̀.

"Ó mì, sà."

Ìgbà yẹn ni ìjẹ́wọ́ tó jáde. Ó fi wáyà tó ti yọ hàn wọ́n. Ó ní kò mì. Ó ní, "Ní Fúráídè náà kò mì, ẹ̀yin ní ó mì, èmi gbọ́, mo dákẹ́, èmi ni mo ṣẹ̀ yín." Ó sọ ti fáníìṣì, ó sọ ti Jàfárù, ó ní ọdún gbogbo yìí òun kò rí i rí àfi ní Sátidé. Àwọn ọmọ náà jókòó jẹ́ẹ́, ọwọ́ lórí tábìlì, bí a ṣe kọ́ wọn. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, kò mọ ohun tó kàn, ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti wá rí i báyìí pé kò mì.

"Kò mì, sà!"

Ó wò mí. Mo bojú wolẹ̀.

Promise, ọmọbìnrin tó máa ń kọ nóòtì tó mọ́ jù, na ọwọ́ sókè. Ó fi ìrẹ̀lẹ̀ bèèrè, kò ní in lọ́kàn láti fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Sà, èwo nínú méjèèjì la máa kọ tí wọ́n bá bi wá ní WAEC?"

Ọ̀gá Ọláìtán gbé òòfà sílẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọjú sí bọ́ọ̀dù, ó sì kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé abẹ́rẹ́ á mì. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tún wo ẹ̀rọ náà.