Ẹni Tó Bá Mira, A Ó Tún Un Bẹ̀rẹ̀

Tíṣà Dúrótoyè kì í jalè, kì í mutí, kì í pa iṣẹ́ jẹ. Mo sọ ọ́ síwájú kí ẹnikẹ́ni má baà wá fi gbèjà rẹ̀ nígbà tí mo bá sọ ìyókù tán.

Òun ló ń darí ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè láràárọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ní Oǹdó. Èmi náà ka ẹ̀jẹ́ yẹn lábẹ́ rẹ̀ kí n tó lọ sí yunifásítì ní Àkúrẹ́. Nígbà tí mo gboyè tán tí n kò ríṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ òbí gbà mí sí láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Mo bá Tíṣà níbi tí mo fi í sí, níwájú òpó àsíá, ọwọ́ láyà.

Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá mira nígbà tí a bá ń ka ẹ̀jẹ́, gbogbo wa ni yóò tún un bẹ̀rẹ̀ látorí. Ìjàlọ lè bu ọmọ jẹ lẹ́sẹ̀. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀, a ti tún un bẹ̀rẹ̀. Olórí àwọn ọmọ ló ń ṣọ́ wọn. Bó bá ti rí ẹni tó mira, yóò gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ẹnu yóò pa, wọn yóò sì padà sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Precious ni olórí wọn, ojú rẹ̀ sì mú bí abẹ́rẹ́.

Ògiri ilé ẹ̀kọ́ ti wó lápá títì, nítorí náà òfin Tíṣà ti kọjá dé ìta. Ọlọ́kadà á dúró. Ìyá Ṣìkẹ́mi tó ń sun bọ̀ọ̀lì níwájú wa kì í yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí àwọn ọmọ yóò fi parí, bó tilẹ̀ ń jóná. Èyí ni Tíṣà fi ń yangàn jù láyé. Ó ní ìlú kan tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń jóná nítorí ẹ̀jẹ́ kò tíì bàjẹ́.

Èmi kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ tó ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíláàsì tí kò ní fèrèsé ń búra pé òun yóò gbé iyì orílẹ̀-èdè ga. Kò sẹ́ni tó búra ohunkóhun fún ọmọ náà padà. Ṣùgbọ́n Tíṣà gbà á gbọ́, ìyẹn ni mo sì fi ń fojú jìn ín.

Ìyáàfin Títílayọ̀, ọ̀gá àgbà wa, fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fo Tíṣà dá nígbà tí ipò náà ṣófo. Èyí ni àǹfààní ìkẹyìn rẹ̀, nítorí òun náà kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Àkúrẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Oríọlá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni yóò sì fi ẹni tó kàn joyè. Tíṣà sọ fún wa ní yàrá olùkọ́ pé bí ọkùnrin náà bá lè gbọ́ bí àwọn ọmọ òun ṣe ń ka ẹ̀jẹ́, kò ní wá ẹlòmíràn lọ.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ní ó ń bọ̀. Oòrùn ti kanrí kí mọ́tò rẹ̀ tó wọlé, àwọn ọmọ sì ti wà lórí ìlà láti àárọ̀. Tíṣà fẹ́ kó bá ẹ̀jẹ́ lẹ́nu wọn. Bó ti rí mọ́tò, ó mi orí sí Precious, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Oríọlá sọ̀ kalẹ̀, fóònù létí, ó sì gba àárín ìlà àwọn ọmọ kọjá. Precious gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo ẹnu pa. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín sí fóònù, ó ń bọ ọ̀gá àgbà lọ́wọ́. Ọwọ́ sókè. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó, ó ká agbádá sí èjìká, ó nu ojú, ó ní kí wọ́n bá òun wá omi. Gbogbo rẹ̀ ni Precious ń rí. Lójú títì, àwọn ọlọ́kadà ti ń fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́. Èéfín ti ń yọ lórí ààrò Ìyá Ṣìkẹ́mi.

Nígbà tó yá, ó bi Tíṣà pé kí ló dé tí àwọn ọmọ yìí kò parí ẹ̀jẹ́, àbí wọn kò mọ̀ ọ́n ni.

Precious ló dáhùn. “A mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ̀yin lẹ ń mira.”

Gbogbo wa wo Tíṣà. Gbólóhùn kan péré ló kù fún un láti sọ, pé òótọ́ ni ọmọ náà sọ.

“Ẹ má bínú, sà,” ni ó wí. “Ọmọ yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́ ni.”

Ó ní kí Precious kúnlẹ̀ sínú oòrùn, ó sì ní kí àwọn tó kù kọrin ìkínikáàbọ̀. Wọ́n kọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Oríọlá jó díẹ̀.

Nígbà tí mọ́tò lọ tán, mo bi Tíṣà léèrè ohun tó dé tí kò fi sọ òfin rẹ̀ fún àlejò. Ó wò mí bí ẹni tí kò lóye.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ó ní, “òfin ọmọdé nìyẹn.”

Wọ́n fún un ní ipò náà. Kò sẹ́ni tó yà lẹ́nu.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé tó kọ́kọ́ dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà, ó wọ kóòtù, ó fi ọwọ́ láyà. Ó ti fi ọmọkùnrin kan rọ́pò Precious. Láàárín ẹ̀jẹ́, Precious jáde lórí ìlà, ó rọra rìn lọ sídìí kànga, ó bu omi mu, ó sì padà. Ọmọkùnrin náà ti gbé ọwọ́ dé ìdajì. Ó wo ojú ọ̀gá àgbà. Ọ̀gá àgbà ń wo àsíá. Ọwọ́ ọmọ náà wálẹ̀. Ẹ̀jẹ́ ń lọ.

Lẹ́bàá títì, ọ̀kadà kan fọn fèrè kọjá. Ìyá Ṣìkẹ́mi mú igi rẹ̀, ó sì yí ọ̀gẹ̀dẹ̀.