Gìtá Tí N Kò Lè Bú

Òórùn vánníìṣì àti ti páálí tuntun ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta gìtá ní Òmù-Àrán, lásìkò ọyẹ́ tí ètè gbogbo ènìyàn ti sán. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní yunifásítì, gìtá onígìtá ni mo fi ń kọrin. Bí orin bá ti fẹ́ẹ́ dùn ni ẹni tó ni ín yóò nawọ́ gbà á. Mo ti búra pé ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, oníṣòwò iṣu tí ìnájà rẹ̀ ń ba àwọn ọlọ́jà lẹ́rù káàkiri agbègbè Ìsin, ló tẹ̀ lé mi, nítorí lọ́dọ̀ wa, a kì í dá nìkan lọ ra ohun ńlá. Kí a tó wọlé, ó kìlọ̀ fún mi: "Èyí tó bá wù ọ́, bú u. Má jẹ́ kí eyín rẹ hàn."

Ọlọ́jà tó ni ṣọ́ọ̀bù náà gbé gìtá pupa kan tó ń dán yinrin fún mi. "Èyí ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń rà, Aǹtí." Mo wo etí ihò àyà rẹ̀: páìwúùdù alápapọ̀ lásán. Okùn rẹ̀ ga lórí ọrùn débi pé àtàǹpàkò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Inú bí mi. Ta ló sọ fún àwọn tó ń kó ọjà wá pé ohunkóhun tó bá sáà ti ń dán ti tó fún àwa ará Ìgbómìnà? Ṣé àwa kò létí ni? Mo bi í bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó rẹ́rìn-ín. "Aǹtí yìí, ṣé gìtá lẹ wá rà ni, àbí ẹjọ́ lẹ wá rò?"

Ìgbà náà ni mo rí èkejì, aláwọ̀ oyin, tí eruku bò lára ògiri. Mo gbé e sójú bí ọdẹ ṣe ń wo ojú ìbọn: ọrùn rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan. Ìlà igi ojú rẹ̀ wọ inú ihò lọ láìjá, àmì pé odindi igi ni, kì í ṣe páìwúùdù. Mo ta okùn tó nípọn jù, ohùn náà sì dúró nínú afẹ́fẹ́, ó ń gbọ̀n wọ inú egungun àyà mi. Mo tẹ̀ ẹ́ láti òkè ọrùn dé ìsàlẹ̀. Kò síbi tó ti ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Ọ̀gá akọrin kan tó ń wo sípíkà lápá kejì yíjú padà, ó sì sún mọ́ wa.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. "Igi kí lèyí? Ṣé a ó fi dáná ni?"

"Alàájì, ẹ má fẹnu ba ọjà mi jẹ́."

"Wàláhì, bí ẹ bá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, adìyẹ ni yóò máa yé ẹyin sínú rẹ̀." Ó fà mí lọ́wọ́, a sì kọrí síta, kí ọlọ́jà lè pè wá padà. Ọgbọ́n tó fi ń ra gbogbo nǹkan nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo bojú wẹ̀yìn: ọ̀gá akọrin ti na ọwọ́ sí gìtá náà.

"Irọ́ ni!" Mo ti já ọwọ́ mi gbà. "Irọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń pa. Igi gidi ni, ọrùn rẹ̀ tọ́, kò sí ohùn tó tó tirẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Èmi ni mo fẹ́ ẹ!"

Ọ̀gá akọrin bú sẹ́rìn-ín, ó káwọ́ rẹ̀ kò. "Ẹ gbé e, Aǹtí. Ó ti di tiyín." Ọlọ́jà kò sì dín kọ́bọ̀. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kò sírú rẹ̀. Kí ni kí n tún wá dín?"

Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń yínmú. "O ba ìnájà mi jẹ́ lójú gbogbo ayé." N kò bẹ̀ ẹ́; inú mi dùn ju kí n bẹ̀bẹ̀ lọ. Títí di òní ni mo ń bá àṣà yẹn jà: à ń bú ohun tó wù wá kí ó lè rọ̀ wá lọ́rùn, ìlú wa, ọmọ wa, iṣẹ́ ọwọ́ wa, a óò kẹ̀yìn sí i, a óò sì máa retí kí ó pè wá padà. Ohun tí ènìyàn bá fẹ́, kí ó sọ ọ́ síta nígbà tí sísọ ọ́ ṣì lè ná an ní nǹkan.

Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì gbà fún mi. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ti jókòó nílé wa, òun náà ni yóò kọ́kọ́ pariwo pé: "Àbúrò, gbé gìtá wa jáde!"