Gbólóhùn Tí Ọ̀gá Mi Fagi Lé

Òórùn yíǹkì gbígbóná àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ni Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ọ̀nà fásitì wa, máa ń rùn lásìkò tí a bá ń tẹ pírójẹ́ẹ̀tì. Títí dòní, bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé l'Ọ̀yọ́ tí òórùn yẹn kàn mí nímú, inú mi á kọ́kọ́ bàjẹ́ ná kí n tó rántí ohun tí mo wá ṣe. Ẹni tó bá ka ìṣirò bíi tèmi á mọ̀ pé ká rí ìdáhùn ò tó. Gẹ̀ẹ́sì tí a ó fi sọ ọ́ ló ń fojú ẹni rí màbo. Wọ́n sì ti ń sọ ọ́ nígbà náà pé bí iṣẹ́ mi bá yege, ẹ̀ka wa á gbà mí sílẹ̀ láti máa kọ́ni. Màmá mi ti ròyìn rẹ̀ ká ṣọ́ọ̀ṣì.

Gbólóhùn kan ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Ohun tó wí ò ju pé nọ́ńbà yòówù kéèyàn mú, òmíràn wà tó bá a mu, bí ìgbà téèyàn ní akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá tirẹ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fi bírò pupa fagi lé e, wọ́n sì kọ Gẹ̀ẹ́sì tiwọn sórí rẹ̀: nọ́ńbà kan wà tó bá gbogbo yòókù mu. Ìyẹn ni pé yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Irọ́ gbuu ni.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó dà bí ẹni pé ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Gẹ̀ẹ́sì Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lo kọ síbẹ̀. Èyí ló dùn létí. Lọ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, bàbá mi a máa wí bẹ́ẹ̀ nílé. Mo ní, "Ẹ ṣé sà," mo sì lọ tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú àwọn olùdánwò, ọ̀kan tó wá láti fásitì mìíràn ka gbólóhùn yẹn, ó tún kà á, ó wá bi mí pé, "Ta ló kọ èyí?" Mo wo ọ̀gá mi. Fóònù ni wọ́n ń wò. Mo ní, "Èmi ni, sà." Ó mirí, ó ní ẹni tó kọ ọ́ ò mọ ohun tó ń sọ. Ìgbà náà ni ọ̀gá mi wá gbójú sókè: "Mo ti ń bá a wí lórí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tipẹ́."

Ẹlòmíì ni wọ́n gbà. Èmi padà sí Ọ̀yọ́, mo ń kọ́ni ní sẹ́kọ́ńdírì, mi ò sì tíì dárí ji ọ̀gá mi. Síbẹ̀, nígbà tí mo pàdé wọn ní Takie, nílùú tí fásitì wa wà, lọ́dún tó kọjá, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rò ó. Wọ́n fi mí han ọ̀rẹ́ wọn: "Ọmọ mi nìyí. Ọpọlọ rẹ̀ pé, Gẹ̀ẹ́sì ló dà á láàmú."

Mo tún ní, "Ẹ ṣé sà."

Mo ti sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé bí mo bá kọ irọ́ sójú bọ́ọ̀dù, kí wọ́n sọ ọ́ lójú mi. Nígbà míì mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́, n ó sì dúró kí ẹnì kan nawọ́. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣé mà," wọ́n á sì dà á kọ.