Sọ́séèjì Ẹlẹ́dẹ̀ Tí Mo Fún Ìyá Mi Jẹ

Mo mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni nígbà tí mo rà á. Ẹ jẹ́ kí n tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí n má baà máa yí ọ̀rọ̀ po.

Ibà ló dá ìyá mi dùbúlẹ̀ nínú yàrá wa ní Okokomaiko. Nígbà tí ibà náà lọ, ó gbé adùn ẹnu wọn lọ. Wọ́n á tọ́ ẹ̀bà wò, wọ́n á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọkọ mi, bí ìgbà tí mò ń jẹ páálí ló rí."

Ilé búrẹ́dì kan ní Ìgbó-Elérin ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí a bá ti kó búrẹ́dì jáde láàárọ̀, ófùn ṣì máa ń gbóná dáadáa, ọ̀gá wa sì gbà kí ẹni tó bá ní nǹkan láti yan gbé e sí i. Mo ní màá gé pòtétò àti sọ́séèjì, màá po wọ́n mọ́ àlùbọ́sà, òróró àti ata rodo gígún, màá yan án títí orí rẹ̀ á fi pọ́n. Ata yẹn á jí ahọ́n wọn.

Sọ́séèjì màlúù ni mo wá lọ sí Ìyànà-Ìbà. Ó ti tán.

"Ti ẹlẹ́dẹ̀ ló kù o, bọ̀ọ̀dá," obìnrin tó ń tà á ní. "Òun gan-an ló tún dùn jù."

Ìjọ aláṣọ funfun ni ìyá mi ń lọ. Wọn kì í fẹnu kan ẹlẹ́dẹ̀. Ó yẹ kí n wá ti màlúù lọ síbòmíràn, ṣùgbọ́n ófùn ń tutù lọ, mo sì sọ lọ́kàn mi pé tí ata bá pọ̀, ta ló máa mọ̀? Ata rodo mẹ́wàá tí mo fẹ́ lò di ogún.

Bí ìyá mi ṣe ń jẹ ẹ́, òógùn bò wọ́n. Imú wọn ń ṣàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Bù sí i jàre! Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ti jẹun níbi iṣẹ́, mà."

Irọ́ ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ń wọ sùtánà wọn. "Màá sọ fún gbogbo ìjọ pé oúnjẹ ọmọ mi ló gbé mi dìde."

Mi ò lè gbà á mọ́ra. "Mà, sọ́séèjì yẹn, ẹlẹ́dẹ̀ ni."

Ọwọ́ wọn dúró. "Ṣé o mọ̀ kó o tó sè é?"

"Mo mọ̀, mà."

Ì bá dára kí wọ́n gbá mi létí. Wọ́n kàn bọ́ sùtánà náà, wọ́n ká a, wọ́n wọ bùbá àti ìró. Ẹni tó bá jẹ ẹlẹ́dẹ̀ kì í wọ inú ìjọ títí wọ́n á fi gbàdúrà ìwẹ̀nùmọ́ fún un. Ẹnu géètì ìjọ la dúró sí. Obìnrin ìjọ kan ń kọjá lọ.

"Ìyá, kí lẹ ń ṣe níta?"

"Mo jẹ nǹkan tí kò yẹ kí n jẹ."

"Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá wa wí!" Obìnrin náà pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run o!"

Ìyá mi bá a rẹ́rìn-ín. Mo lanu láti sọ pé èmi ni mo fún wọn jẹ. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ láìwò mí, mo sì dákẹ́. Kì í ṣe torí pé wọ́n ní kí n dákẹ́ nìkan. Ó rọ̀ mí lọ́rùn bẹ́ẹ̀.