Yàrá Òkùnkùn Inú Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Mi

Bí mo bá gbóòórùn káfúrà lára aṣọ tí wọ́n ti ká pamọ́ tipẹ́, inú mi á kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà inú á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Èyí tó dùn yẹn, ti ìyá mi ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Old Market, níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́ lọ sí etí odò Ọya. Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, fèrèsé onípákó rẹ̀ kọjú sí títì, ibẹ̀ ló sì ń kó ìdì aṣọ sí. Káfúrà ló máa ń kọ́kọ́ gbá ọ nímú tí o bá wọlé, lẹ́yìn náà òórùn aró, lẹ́yìn rẹ̀ òórùn ẹja gbígbẹ tí obìnrin Igala kan ń tà lábẹ́ òrùlé wa níta. Àmọ́ ìbínú ni mo fẹ́ sọ fún ọ lónìí, nítorí ibi kan náà ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìlú tán gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ ni, mo sì padà wálé láti máa kọ́ ìṣirò ní ilé ìwé girama kan. Abẹ́ Kwara la ṣì wà nígbà náà. Bí ìwé ìgbanisíṣẹ́ ẹni bá sọnù, Ìlọrin lèèyàn ń lọ wá a. Kò ṣòro fún mi, torí Ìlọrin ni bàbá bàbá mi ti wá ta aṣọ ní Lókòjá tí kò sì padà mọ́. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kẹrin mi, ọmọ àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò bíi tiwa, tí ilé wọn wà ní Gadumo. Ìwọ tí o ti kọ́ni rí, wàá mọ irú ọmọ tí mò ń sọ. Bí mo bá kọ ìbéèrè sójú pátákó, kí n tó yíjú padà, ìka rẹ̀ ti ń gbá tábìlì. Kì í fẹ́ kí n sọ ìdáhùn fún òun. Tí mo bá fẹ́ sọ ọ́, á di etí.

Lọ́jọ́ kan ó dúró lẹ́yìn kíláàsì, ó ní, “Tíṣà, ta ló kọ́kọ́ rò ó pé a lè fi àmì dúró fún ohun tí a ò tíì mọ̀, ká sì máa wá a kiri títí a ó fi rí i?”

Mo sọ fún un pé ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ti kan iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà ní Bàgídáádì ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn tó kọ ìwé lé e lórí, pé inú orúkọ ìwé náà ni wọ́n ti yọ orúkọ áljẹ́bírà, àti pé apá kan ìwé náà wà fún pípín ogún bí Kùránì ṣe là á sílẹ̀. Ọmọ náà sún mọ́ mi. Ó wá ní, “Mùsùlùmí ni? Bíi bàbá mi?”

Mo ní, “Bíi bàbá rẹ.”

Àfi bíi pé mo tan iná sí ilé epo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé káàkiri. A kà nípa oníṣègùn ará Bùkárà tí àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù fi ìwé rẹ̀ kọ́ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. A kà nípa ọmọ ìlú Básírà tó jókòó sí Káírò, tó sọ fún ayé pé kì í ṣe ojú wa ló ń rán ìmọ́lẹ̀ jáde láti lọ fọwọ́ kan nǹkan, pé ìmọ́lẹ̀ láti ara nǹkan ló ń wọ ojú wa, tó sì fi yàrá òkùnkùn àti ihò kékeré dán an wò. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tí wọ́n ní ó fi ogún bàbá rẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí ní ìlú Fẹ́ẹ̀sì, tí mọ́ṣáláṣí ọ̀hún sì di ilé ẹ̀kọ́ gíga, ni ọmọ yìí fẹ́ràn jù lọ. Ó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìyá ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ àfihàn ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ń bọ̀ nílé ìwé, ni mo bá ní kí ó dìde sọ̀rọ̀ nípa àwọn èèyàn wọ̀nyí. Bí ọjọ́ ṣe kù díẹ̀, ọ̀gá àgbà ilé ìwé ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ Okun ni, alàgbà nínú ìjọ rẹ̀, ọkùnrin tó máa ń kí tíṣà kó tó jẹ́ kí tíṣà kí òun.

“Okun o, tíṣà,” ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nílé. “Iṣẹ́ ọmọbìnrin yín yìí, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ilé ìwé ìjọba la wà, kì í ṣe ilé kéú.”

“Sà, sáyẹ́ǹsì ni.”

“Mo mọ̀. Àwọn òbí ni kò ní mọ̀.”

Àwòrán àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, òyìnbó ni gbogbo wọn, ọ̀kan nínú wọn sì wọ aṣọ àlùfáà Àgùdà, àgbélébùú rẹ̀ rọ̀ sí àyà. Mo nawọ́ sí i. “Èyí ńkọ́, sà?”

Ó yíjú wò ó, ó rẹ́rìn-ín. “Ìyẹn yàtọ̀.”

Mo bi í pé báwo ló ṣe yàtọ̀. Ó ti mú báírò, ó ti fa ìlà sórí orúkọ ọmọ náà kí n tó parí ọ̀rọ̀. Mo jáde níbẹ̀. Ká ní ó jẹ́ ènìyànkénìyàn ni, ì bá rọrùn fún mi. Ènìyàn dáadáa ni, ẹ̀rín ló sì fi ṣe é.

Mo gbà pé ilé la ó ti rí àtìlẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kírun aláásáàrì tán, mo lọ bá ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, bàbá ọmọ náà wà lára wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀ náà níbi wáàsí wọn, kí àwọn ọmọdé gbọ́. Alága gbọ́ mi délẹ̀, ó sì ní, “Ìmọ̀ ayé nìyẹn. Ìmọ̀ Ọlọ́run là ń kọ́ níbí.” Ẹlòmíràn ní òun gbọ́ pé awòràwọ̀ ni àwọn kan nínú wọn.

Mo ní, “Bàbá, àwọn tó ń wo ìràwọ̀ yẹn ló ṣírò ibi tí a ó kọjú sí kírun láti ìlú dé ìlú. Ẹ̀yìn wọn lẹ dúró sí lójoojúmọ́.”

“Obìnrin kì í wá bá àgbà jiyàn ní mọ́ṣáláṣí,” alága dáhùn.

Bàbá ọmọ náà kò gbójú sókè. Ó kàn ní, “Ọmọ mi ò ní dìde sọ̀rọ̀ níwájú ọkùnrin.”

Mo dárúkọ obìnrin Fẹ́ẹ̀sì fún wọn. Ẹnì kan ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Jọ̀ọ́, bá mi wò ó. Ọ̀gá àgbà àti àwọn bàbá yìí, bí wọ́n bá pàdé lórí afárá tóóró, kò sẹ́ni tó máa yà fún ẹnì kejì. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé kí ọmọ yìí panu mọ́. Ọ̀kan ní òun kì í ṣe Mùsùlùmí, òun ò fẹ́ gbọ́. Èkejì ní Mùsùlùmí lòun, òun ò sì fẹ́ gbọ́. Orí mi gbóná débi pé mo rìn kọjá ilé wa láìmọ̀.

Ìyá mi ló mú mi jókòó. Kò kàwé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí í mú un lọ́bọ. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó ń ká aṣọ lọ. “Ṣọ́ọ̀bù mi kì í ṣe mọ́ṣáláṣí,” ó ní, “kì í sì í ṣe ilé ìwé. Ta ló máa lé yín níbẹ̀?”

Èmi, ìyá mi àti ọmọ náà kó ìdì aṣọ jáde nínú yàrá náà. A fi aṣọ dúdú bo gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà wọlé, a fi páálí dí fèrèsé, mo sì fi ìṣó lu ihò kan sí àárín páálí. A wá na aṣọ funfun kan sí iwájú rẹ̀. Nígbà tí a pa ilẹ̀kùn dé, a kò kọ́kọ́ rí nǹkan kan. Lẹ́yìn tí òkùnkùn ti mọ́ ojú wa lára, títì Old Market yọ lójú aṣọ náà, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ pé pérépéré, ó dorí kodò. Ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá, orí rẹ̀ nísàlẹ̀, táyà lókè. Ọmọ náà di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ẹkún ló ń sun.

Lọ́jọ́ ọjà, bí oòrùn ṣe mú ganrínganrín, a ṣílẹ̀kùn fún èrò. Mo bi ọmọ náà pé ṣé ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ó wà lọ́dọ̀ mi. Ó ní, “Màmá mi ní tí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ẹja làwọn rán mi wá rà.” Ó gorí àpótí, ó ń ṣàlàyé fún àwọn tó ń wọlé, ní Yorùbá, ó ń fi Hausa kún un fún àwọn tí kò gbọ́. Obìnrin Igala ẹlẹ́ja wọlé, ó rí igbá ẹja rẹ̀ tó dorí kodò, ó sáré jáde lọ wò ó bóyá ó ti dà nù, ó tún sáré padà. “Abeg, make I see am again,” ó ní. Àwọn apẹja Nupe gòkè wá láti etí odò. Ẹnì kan wá pariwo pé idán ni.

“Kì í ṣe idán,” ọmọ náà ní. “Ẹ̀yin gan-an, ẹ fọwọ́ bo ihò yẹn.” Ọkùnrin náà bò ó, títì pòórá. Ó gbọ́wọ́ kúrò, títì padà dé. “Ìmọ́lẹ̀ ni. Ọ̀nà tààrà ló ń rìn. Èyí tó ti òkè wá ń lọ sísàlẹ̀, èyí tó ti ìsàlẹ̀ wá ń lọ sókè. Mùsùlùmí bíi tiwa ló ṣàlàyé ẹ̀.” Àwọn èèyàn ń ṣe kàyéfì. N kò tíì rí ọmọ kan kó dúró báyẹn rí.

Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti dé, àwọn ọkùnrin méjì láti mọ́ṣáláṣí tẹ̀ lé e. Àwọn èrò yà lọ́nà fún wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, “Bàbá, ẹ kọ́kọ́ wọlé wò ó.” Mo rò pé yóò tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wọlé. Mo pa ilẹ̀kùn dé mọ́ òun àti ọmọ rẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn ọmọ náà láti ìta, ó ń ṣàlàyé fún un jẹ́jẹ́, kò gbọ̀n. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jáde. Bàbá náà nu ojú rẹ̀.

“Mo ti rí i,” ó ní. “Òótọ́ lọmọ yìí sọ.”

Mo rò pé a ti borí. Àṣé n kò tíì gbọ́ ìyókù. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. “Ó tó báyìí. Ilé yá.”

“Ṣé yóò wá sílé ìwé lọ́jọ́ Ajé, Bàbá?”

“Rárá.”

“Nítorí kí ni?”

“Nítorí pé ọmọ mi ni.”

Mo pariwo mọ́ ọn láàárín ọjà. Mo ní òun ló bí i, kì í ṣe òun ló fi ọpọlọ sí i lórí. Mo ní bó bá jẹ́ ọkùnrin ni, yóò máa fi í yangàn káàkiri Lókòjá. Ìyá mi fà mí láṣọ, n kò dákẹ́. Ọmọ náà kò bojú wẹ̀yìn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú un lọ sílé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ìlọrin, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi í fọ́kọ. Mo bẹ ọ̀gá àgbà pé kó bá wa dá sí i. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ àárín ẹ̀yin Mùsùlùmí nìyẹn.” Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ṣe yàrá òkùnkùn nílé ìwé fún àwọn àlejò láti ilé iṣẹ́ ẹ̀kọ́, ó sì lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé aláwòrán ará Ítálì kan ló gbé e kalẹ̀. Mo ya ìwé náà lójú àwọn àlejò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé mi lọ sí ilé ìwé kan lọ́nà Ganaja, níbi tí kò sí nǹkan kan nígbà náà ju koríko lọ.

Ọdún bíi mélòó kan kọjá kí bàbá ọmọ náà tó kú, ọmọ náà sì wá sílé fún àdúà rẹ̀. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó mú òmíràn lọ́wọ́. A jókòó sí ẹ̀yìn ilé wọn. Ó wò mí lójú, ó ní, “Tíṣà, inú ṣì ń bí yín?”

Mo ní ó ṣì ń bí mi.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Èmi ò ráyè bínú. Ẹ bá mi máa bínú tèmi.”

Lọ́dún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, tí Lókòjá di olú-ìlú, mọ́ṣáláṣí wa pe àpéjọ ńlá kan. Alága àtijọ́ yẹn ló gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, “Àwa la kọ́ ayé ní ìṣirò! Àwa la kọ́ wọn ní ìṣègùn!” Àwọn èèyàn ń kábárà pé Ọlọ́run tóbi. Mo dìde láàárín àwọn obìnrin, mo béèrè pé nínú ilé tiwọn, ọmọbìnrin wo ló ń kọ́ ìṣirò ọ̀hún báyìí. Wọ́n ní kí n jókòó. N kò jókòó títí wọ́n fi parí.

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé àìmọ̀kan là ń bá jà, pé bí a bá ti fi òótọ́ han èèyàn, yóò yí padà. Bàbá yẹn rí òótọ́, ó jẹ́wọ́ rẹ̀ lójú ọjà, ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, bí ọmọbìnrin kan bá ti ta yọ ní kíláàsì mi, n kì í kọ́kọ́ sọ ìtàn ọ̀mọ̀wé kankan fún un. Ilé wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ, mo máa ń jókòó ti bàbá rẹ̀, n kì í sì í dìde bọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ìbínú mi ti pọ̀ jù fún obìnrin. Wọn ò mọ̀ pé ìbínú náà kì í ṣe tèmi nìkan.